Sípíkà Mọ́tò Àtijọ́: Ẹ Má Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Ariwo

 

Nínú ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tó pa ọ̀pọ̀ wa lẹ́rìn-ín. Nígbà tí a rò ó wò dáadáa, a rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń fi mọ́tò kó èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó yọ díẹ̀ nínú owó náà, ó fi ra sípíkà ńlá méjì àti amplifier kan tí wọ́n kọ 1,200 wáàtì sí lára. Oṣù kan kò tíì pé tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lójú ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ òun àti àwọn èrò inú mọ́tò. Wọ́n tètè bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì yọ orí bátìrì. Wáyà mọ́tò jóná láti iwájú dé àárín. Mọ́tò jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Owó oṣù náà kò sì wọlé fún ẹgbẹ́, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí àwọn oníduró rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà jáde kí àwọn yòókù lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbádùn orin nínú mọ́tò rẹ̀ o. Èrò fẹ́ràn mọ́tò tí ohùn rédíò rẹ̀ mọ́, awakọ̀ fẹ́ gbọ́ ìròyìn, oníṣòwò sì fẹ́ kí oníbàárà gbọ́ ohùn òun. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni pé ohùn tó dára yàtọ̀ sí ariwo. Nínú mọ́tò àtijọ́, ohun tó ń mú ohùn dára kì í sábà wọ́n tó ohun tó ń mú ariwo wá.

OHUN TÍ WỌ́N BÁ MỌ́TÒ ÀTIJỌ́ WÁ

Rédíò mọ́tò kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1930 ni àwọn arákùnrin Galvin ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde tí wọ́n pè ní Motorola. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Ìjàpá ní Èkó. Láyé ìgbà yẹn, ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n rò pé ènìyàn á máa gbọ́ jù nínú mọ́tò. Nítorí náà, sípíkà kékeré kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ní, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí lókè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì gbòde. Ẹ̀yin àgbà inú wa á rántí bí gbogbo mọ́tò ṣe ń lu orin Sunny Adé, ọmọ Oǹdó. Gìtá mẹ́ta mẹ́rin, ìlù àdàmọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ gba ojú sípíkà kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè rọrùn. Ìgbà yẹn ni àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó ẹ̀yìn ìjókòó láti fi sípíkà méjì sí i. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é, yálà Pijó ni tàbí Toyota tòkúnbọ̀ tó ti lo ogún ọdún.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń sáré ra tuntun kí a tó mọ ohun tó ń ṣe ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ KỌ́KỌ́ YẸ̀ Ẹ́ WÒ KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ

Sípíkà máa ń darúgbó bí ènìyàn. Máńgẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Ohun tó ń bàjẹ́ ni pépà iwájú rẹ̀ àti fóòmù tó yí etí pépà náà ká. Oòrùn máa ń jẹ fóòmù títí yóò fi máa rún bí àkàrà gbígbẹ. Omi òjò tó ń gba ojú dígí wọ inú ilẹ̀kùn máa ń sọ pépà di jẹ́lẹ́ńkẹ́. Àyẹ̀wò mẹ́rin nìyí tí ẹ lè ṣe láìsan owó fún ẹnikẹ́ni:

1. Ẹ yí ohùn rédíò sí apá ọ̀tún nìkan, lẹ́yìn náà sí apá òsì, sí iwájú, àti sí ẹ̀yìn. Ẹ máa fetí sí sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó tètè mọ èyí tó ń ha àti èyí tó ti kú.

2. Ẹ fi ìka méjì tàbí mẹ́ta rọra ti pépà sípíkà náà sínú. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ṣì dára. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha nínú, wáyà inú rẹ̀ ti gbóná rí, ó ti tẹ̀. Àtúnṣe ìyẹn kò rọrùn.

3. Ẹ yọ wáyà méjèèjì kúrò lára sípíkà, kí ẹ fi òkúta tọ́ọ̀ṣì 1.5 fóltì kàn án fẹ́ẹ́. Bó bá dún «pọ́», tí pépà sì mira, sípíkà wà láàyè. Bí orí òkúta tó yọ bá kan ẹnu tó jẹ́ pọ́sítìfù, pépà yóò yọ síta. Bó bá wọlé, ẹ̀yìn ni ẹ kàn. Ẹ sàmì sí i, ẹ ó nílò rẹ̀ níwájú.

4. Ẹ wo etí fóòmù. Bó bá jẹ́ fóòmù nìkan ló ti ya, tí pépà àti wáyà inú dára, àwọn oníṣẹ́ wà tó lè lẹ etí tuntun mọ́ ọn. Iye rẹ̀ kì í sábà tó ti sípíkà tuntun.

Nígbà mìíràn pàápàá, sípíkà kò ṣẹ̀ rárá. Bí kásẹ́ẹ̀tì tàbí orin orí fóònù bá dún dáadáa ṣùgbọ́n tí rédíò ń ha, ẹ wo éríà. Ìpẹtà tó wà nídìí éríà, níbi tó ti kan ara mọ́tò, ló sábà máa ń fa ìyẹn. Ẹ fi sáńpépà nu ún, kí ẹ dì í padà kó le.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn tó ra rédíò tòkúnbọ̀ láàmú. Ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Jàpáànù, láti 76 dé 90 nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lórí FM. Irú rẹ̀ á gbé Adaba 88.9 wá fún yín, ṣùgbọ́n ẹ lè wá Positive FM 102.5 títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kò ní rí i. Rédíò náà kò bàjẹ́, kì í kàn ṣe ti ilẹ̀ wa ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yí i dé 102.5 lójú yín.

IRỌ́ TÓ WÀ LÁRA PÁÁLÍ

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ wáàtì, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù jù lọ.

Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ wo àwọn alábàárù. Alábàárù kan lè gbé àpò kòkó méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi gbéra, kí ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Ṣé ohun tó lè gbé nìyẹn? Rárá o. Ohun tó lè gbé ni èyí tó lè rù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ láìṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáàtì. Lára páálí sípíkà, ẹ ó rí «Max» tàbí «Peak» tí nọ́mbà rẹ̀ tóbi gàgàrà. Ìyẹn ni àpò kòkó méjì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «RMS» sí. Ìyẹn ni ẹrù àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí RMS lára páálí rárá, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Rédíò náà ń purọ́ tirẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé 50 wáàtì lọ́nà mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná mọ́tò máa ń wà ní bíi 14.4 fóltì. Ẹ fi 14.4 lu ara rẹ̀, ẹ ó rí 207. Sípíkà mọ́tò sábà máa ń jẹ́ 4 ómù. Ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 8, pín 207. Ẹ ó rí 26, kò tilẹ̀ pé. Ibẹ̀ ni òkè téńté tí ohùn mímọ́ lè dé nínú rédíò lásán tí kò ní amplifier tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú iṣẹ́ gidi, 15 sí 20 wáàtì ni ẹ ó rí fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó ra sípíkà 300 wáàtì tó so ó mọ́ rédíò lásán dà bí ẹni tó ra tírélà láti fi kó agbọ̀n tòmátì kan.

NỌ́MBÀ TÓ YẸ KÍ Ẹ WÒ

Nọ́mbà kan wà lára páálí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, tó sì wúlò ju wáàtì lọ. Wọ́n máa ń kọ «Sensitivity» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú dB. Ohun tó ń sọ ni bí sípíkà náà ṣe ń dún tó bí a bá fún un ní wáàtì kan péré, tí a dúró sí mítà kan síwájú rẹ̀. Sípíkà kan lè jẹ́ 86, òmíràn lè jẹ́ 92.

Ẹ lè ní mẹ́fà péré ni ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò dB kò rí bí ti owó. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dB 3 péré ni ẹ ó rí gbà, etí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan yí padà. Kí etí tó sọ pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, ó gba nǹkan bí dB 10, ìyẹn ni pé kí wáàtì di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, dB 6 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin wáàtì. Ohun tí sípíkà 92 máa fi 18 wáàtì ṣe, sípíkà 86 yóò gba 72 wáàtì kó tó ṣe é.

Ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yan sípíkà tó jẹ́ 90 sí 93 lè má nílò amplifier rárá. Rédíò tó wà nínú mọ́tò rẹ̀ á tó o. Kò ní gé wáyà bátìrì, kò ní dá alternator lágara. Irú èyí ni a fẹ́ kí awakọ̀ tó ń kó èrò kọ́kọ́ ṣe, kó sì wò ó fún oṣù kan kí ó tó ní òun fẹ́ sí i.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ wọn ojú ihò tó wà nínú mọ́tò yín kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wọn jíjìn rẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí dígí bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ti ra sípíkà 6½ íńṣì tó wọ ihò dáadáa, àfìgbà tí wọ́n yí dígí wálẹ̀ tó lọ gbá máńgẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀.

ÌDẸKÙN WÁYÀ ÀTIJỌ́

Ibí yìí ni kí ẹ̀yin tó ní Pijó àti Ìjàpá fetí sílẹ̀ sí jù.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n fà lọ sí ìdí sípíkà. Ẹnu kejì sípíkà, ara irin mọ́tò ni wọ́n so ó mọ́, ìyẹn ohun tí àwọn rìwáyà ń pè ní áàtì. Rédíò ayé àtijọ́ gba bẹ́ẹ̀. Rédíò òde òní kò gbà á. Nínú tòde òní, iná wà lórí wáyà méjèèjì tó ń lọ sí sípíkà. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kan irin mọ́tò, rédíò tuntun yín lè kú kí orin kìíní tó parí. Ọ̀pọ̀ ti dá ẹni tó ta rédíò lẹ́bi lórí èyí, bẹ́ẹ̀ wáyà àtijọ́ ló pa á.

Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ pa wáyà sípíkà àtijọ́ tì. Ẹ fa wáyà méjì tuntun lọ tààrà láti ìdí rédíò dé ìdí sípíkà kọ̀ọ̀kan. Wáyà 1.5mm oníṣẹ̀ẹ́rẹ́, èyí tó ṣe é ká, tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má lo wáyà ilé tó le gbagidi, nítorí mọ́tò máa ń gbọ̀n, wáyà líle á sì ṣẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ha orí wáyà náà kí ẹ tó rà á. Bó bá pọ́n lójú ṣùgbọ́n tó funfun nínú, bàbà kọ́ nìyẹn, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Kò lè gbé iná tó bàbà.

Ẹ rí i pé pọ́sítìfù rédíò kan pọ́sítìfù sípíkà ní gbogbo ibi. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ fi òkúta tọ́ọ̀ṣì sàmì sí i. Bí ẹ bá so ọ̀kan ní àsodì, sípíkà kan á máa ti afẹ́fẹ́ síwájú nígbà tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, bí ẹni méjì tó ń ti mọ́tò tí ọ̀kan wà níwájú tí èkejì wà lẹ́yìn. Ohùn ìlù ńlá á pòórá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní sípíkà náà kò dára.

Ọ̀rọ̀ kan péré fún ẹ̀yin tó ní Ìjàpá tó ti pẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ Volkswagen tó jáde ṣáájú 1967, bátìrì 6 fóltì ni wọ́n ń lò. Rédíò òde òní kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ bi rìwáyà yín kí ẹ tó ra ohunkóhun.

ILẸ̀KÙN NI ÀPÓTÍ SÍPÍKÀ

Sípíkà ń lé ohùn jáde níwájú, ó sì ń lé e jáde lẹ́yìn pẹ̀lú. Bí ti ẹ̀yìn bá rí ihò gbà yọ wá pàdé ti iwájú, àwọn méjèèjì á pa ara wọn, pàápàá ohùn tó wúwo. Ilẹ̀kùn mọ́tò àtijọ́ kún fún ihò. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé sípíkà kò ní ohùn ìsàlẹ̀, ẹ dí àwọn ihò ńlá tó wà nínú irin ilẹ̀kùn. Ẹ lè lo pákó fẹ́lẹ́ tí ẹ ti kùn lọ́dà tàbí rọ́bà tó nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ má dí ihò wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá o, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde. Ẹni tó bá dí i, ilẹ̀kùn rẹ̀ á jẹrà.

Ọ̀rá tó wà lẹ́yìn pákó ilẹ̀kùn, ẹ má ya á sọnù. Òun ló ń dá omi dúró kó má bàa rọ sí sípíkà lára. Ẹ di gbogbo sukúrúù le, kí ẹ fi fóòmù tín-ín-rín sí àárín sípíkà àti irin. Irin tó ń gbọ̀n ló ń dún jìgìjìgì, kì í ṣe sípíkà. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju ọ̀sán kan lọ, ohùn tó sì ń mú wá ń ya àwọn tó ṣe é lẹ́nu.

BÍ AMPLIFIER BÁ DI DANDAN

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹ ṣì fẹ́ sí i, a kò ní kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó bí ẹ ṣe ń ṣírò ọjà.

Ẹ jẹ́ ká mú amplifier tó jẹ́ 50 wáàtì RMS lọ́nà mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200 wáàtì. Amplifier kì í sọ gbogbo iná tó jẹ di ohùn, apá kan á di ooru. Bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá bá di ohùn, ó ní láti jẹ 333 wáàtì kó tó fúnni ní 200. Ẹ fi 14 fóltì pín in, ó di bíi áńpíà 24 nígbà tí orin bá ga jù. Iná iwájú mọ́tò méjèèjì ń jẹ bíi áńpíà 8. Ẹ ro ti wáípà mọ́ ọn, ti páńkà, àti ti iná ẹ̀yìn, kí òjò sì máa rọ̀ lálẹ́ lọ́nà Oǹdó. Alternator ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ kò ju áńpíà 35 sí 55 lọ. Ẹ rí i pé àyè tó kù kò pọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára tiyín kí ẹ tó rà.

Wáyà tó ń ti orí bátìrì wá kò gbọdọ̀ tín-ín-rín. Fún irú amplifier yìí, 10mm oníṣẹ̀ẹ́rẹ́ ni kó jẹ́. Fíùsì áńpíà 30 gbọdọ̀ wà lójú rẹ̀, kó má jìnnà sí orí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé fíùsì ti wà lára amplifier. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ń ṣọ́ amplifier. Fíùsì ìdí bátìrì ló ń ṣọ́ wáyà, òun náà ló sì ń ṣọ́ ẹ̀yin àti èrò yín.

Èyí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ wa. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n lò, wọ́n gba inú ihò irin kọjá láti ìdí ẹ́ńjìnnì láìfi rọ́bà sí i. Ojoojúmọ́ ni irin ń ha wáyà náà, títí ara rẹ̀ fi bó tí bàbà fi kan irin. Kò sí fíùsì nídìí bátìrì, nítorí náà kò sí ohun tó lè dá iná dúró. Bí wọ́n bá ti fi rọ́bà kékeré àti fíùsì kan sí i ni, kì bá tí jóná. Ẹ wo bí nǹkan kékeré ṣe gbé odidi mọ́tò mì.

Bí fíùsì bá já, ẹ wá ohun tó já a. Ẹ má fi wáyà tàbí bébà sìgá dípò rẹ̀ láéláé.

Ẹ̀YIN ONÍṢÒWÒ TÓ Ń FI MỌ́TÒ PE ONÍBÀÁRÀ

Àwọn kan nínú wa ń gbé mọ́tò dúró ní Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́, tàbí ní Yábà ní Oǹdó, tí wọ́n ń fi ohùn pe oníbàárà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra sípíkà orin fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí ẹ nílò ni ìwo, èyí tí ẹ máa ń rí lórí ilé ìjọsìn. Ó kàn ṣẹ̀dá fún ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò mọ ìlù ńlá. Sípíkà mọ́tò lásán lè jẹ́ dB 90, ìwo á tó 105. Ìyẹn ni pé wáàtì kan nínú ìwo á dún tó ọgbọ̀n wáàtì nínú sípíkà. Amplifier kékeré oní 12 fóltì pẹ̀lú ìwo kan ti tó láti kó ọjà jọ.

Ẹ ṣọ́ bátìrì yín. Bátìrì tí wọ́n kọ 60 sí lára lè fúnni ní áńpíà 10 fún bíi wákàtí mẹ́ta kó tó dé ìdajì, bó bá ṣì jẹ́ tuntun. Bátìrì mọ́tò kò sì fẹ́ kí a máa fà á lọ sí ìdajì lójoojúmọ́. Ẹ ra mítà kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa tí mítà sì fi 12.6 hàn, bátìrì kún. Bó bá ti di 12.2, ó ti dé ìdajì, ẹ dákẹ́ ìwo kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ń pe ọjà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kó wá bátìrì kejì lọ́tọ̀ fún ìwo. Kò dára kí a ta ọjà tán kí a wá máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kó báni ti mọ́tò.

ETÍ KÌ Í NÍ SÍPÉÀ PÁTÌ

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ rántí pé inú ohùn náà ni ẹ ń gbé lójoojúmọ́. Àwọn tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé dB 85 ni etí lè fara dà fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bó bá fi 3 lé sí i, àkókò á di ìdajì. 88 jẹ́ wákàtí mẹ́rin, 94 jẹ́ wákàtí kan, 100 jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Bí èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ń sọ, ó ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò gbọ́ fèrè tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, orin kọ́ ló ń gbọ́ mọ́, ewu ló ń pè.

BÍ A ṢE FẸ́ KÍ Ẹ TÒ Ó

Ẹni tó bá fẹ́ tún ohùn mọ́tò rẹ̀ ṣe, a gbà á nímọ̀ràn pé kó tò ó báyìí:

1. Kó yẹ ti àtijọ́ wò, kó sì tún èyí tó ṣe é tún ṣe.
2. Kó fa wáyà sípíkà tuntun, kó dí ihò ilẹ̀kùn.
3. Kó ra sípíkà méjì tó dára fún iwájú, kí ó wo sensitivity àti RMS. Ti ẹ̀yìn lè dúró.
4. Kó lò ó fún oṣù kan.
5. Bó bá ṣì fẹ́ amplifier, kó ṣírò alternator rẹ̀, kó sì ra fíùsì àti wáyà 10mm kó tó ra amplifier fúnra rẹ̀.

Ẹ má gba ti rìwáyà tó bá sọ pé fíùsì kò pọn dandan. Ẹ dúró tì í títí yóò fi parí, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan wáyà náà lẹ́yìn tí orin bá ti dún fún ìdajì wákàtí. Bó bá gbóná, iṣẹ́ kò tíì parí.

Bí ẹ bá pé márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ fẹ́ irú sípíkà kan náà, ẹ jọ lọ rà á pọ̀. Ẹni tó ń tà á á dín owó kù, á sì gbà kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ṣé torí irú èyí kọ́ la ṣe dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ni?

Ní ti owó ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa. Owó tí ẹ bá gbà fún ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ owó sípíkà, kó kọ ọ́ sínú ìwé pé owó sípíkà ni òun fẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà níbi kí oníduró wá máa san gbèsè ariwo tí kò gbọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sójú ọ̀nà. Ó ti tún wáyà mọ́tò rẹ̀ fà, sípíkà méjì péré ló wà nínú ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, kò sì sí amplifier. A wọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Oǹdó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láìpariwo títí a fi dé. Ó ti san owó oṣù méjì pọ̀.